Ìbéèrè tó yẹ ká máa bi sójà kí ogun tó bẹ̀rẹ̀

Sí Olóòtú,

Bí ọ̀rọ̀ ogun bá ti délẹ̀, ọ̀gágun tó ti fẹ̀yìntì ni rédíò máa ń kọ́kọ́ pè, ohun tó bá sì sọ, kò sẹ́ni tó tún ń jiyàn mọ́. Bẹ́ẹ̀, ìbéèrè méjì ló wà níbẹ̀. Ṣé ká lọ? Kí ni lílọ yóò gbà? Èkejì ni iṣẹ́ sójà. Èkíní, àwọn tá a dìbò yàn ló ni ín.

Abala 5 ìwé òfin ọdún 1999 là á mọ́lẹ̀. Kí Nàìjíríà tó kéde ogun, ilé aṣòfin méjèèjì gbọ́dọ̀ jókòó pọ̀ kí wọ́n fọwọ́ sí i. Kí ọmọ ogun wa tó lọ jà lẹ́yìn odi, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà gbọ́dọ̀ gbà. Bí ewu bá ti kan ilẹ̀kùn, ààrẹ lè kó wọn lọ lẹ́yìn tó bá ti bá Ìgbìmọ̀ Ààbò Orílẹ̀-èdè, níbi tí àwọn ọ̀gá ológun jókòó sí, jíròrò. Àmọ́ láàárín ọjọ́ 7 tí ìjà bẹ̀rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ wá tọrọ àṣẹ, àwọn aṣòfin àgbà sì ní ọjọ́ 14 láti fèsì.

Lóṣù kẹjọ ọdún 2023, lẹ́yìn ìfipágbàjọba ní Niger, àwọn olórí ológun ECOWAS ń ṣètò ogun lọ́wọ́ ní Àbújá nígbà tí lẹ́tà ààrẹ lórí ọ̀rọ̀ náà dé Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà. Lọ́jọ́ 5 oṣù náà, àwọn aṣòfin ní kí ECOWAS gba ọ̀nà àlàáfíà. Wọ́n ṣe dáadáa. Ìpínlẹ̀ wa méje ló bá Niger pààlà. Ọlọ́jà Jibia ní Katsina tó ń bá Maradi ní Niger ná ọjà mọ ohun tí kò sí nínú ìwé ológun.

Bí ẹ bá bi sójà pé, "Ṣé ẹ lè ṣe é?", "Bẹ́ẹ̀ ni" ni yóò wí, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Ẹ bi í pé: ọmọ ogun mélòó ló máa dúró sí Niamey, olú ìlú Niger, lẹ́yìn tí ìbọn bá dákẹ́? Àwọn wo la máa kó kúrò ní Borno àti Zamfara, ta ni yóò rọ́pò wọn? Epo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ọ̀nà wo ni yóò gbà? Niger kò ní òkun. Ọ̀gágun tó bá ń fi Liberia 1990 ṣe àpẹẹrẹ, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti gbé ECOMOG, ọmọ ogun ECOWAS, wọ èbúté Monrovia, ẹ rán an létí ìyẹn. (Ológun ló ń ṣèjọba Nàìjíríà lọ́dún náà, kò sí aṣòfin tí wọ́n máa bi.)

Ìbéèrè náà kò sì gbọdọ̀ pẹ́. Ní Amẹ́ríkà, oṣù kẹwàá ọdún 2002 ni àwọn aṣòfin fọwọ́ sí ogun Iraq. Ọjọ́ 25 oṣù kejì ọdún 2003 ni Sẹ́nétọ̀ Carl Levin ṣẹ̀ṣẹ̀ bi Ọ̀gágun Eric Shinseki, olórí ọmọ ogun orí ilẹ̀, pé èèyàn mélòó ni yóò gbà láti di Iraq mú lẹ́yìn ogun. Ó ní ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún lọ́nà mélòó kan. Lọ́jọ́ kẹta rẹ̀, Paul Wolfowitz, igbákejì mínísítà ètò ààbò, ní àsọdùn gbáà ni. Ìbò ti parí tipẹ́. Iye náà kò rí ẹni tí yóò lò ó.

Ológun tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ kò lè ta ko ààrẹ ní gbangba, kò sì yẹ kó ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ìgbìmọ̀ ètò ààbò ilé aṣòfin pè é ní bòńkẹ́lẹ́, kó kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀, kí ìwé náà wà níwájú sẹ́nétọ̀ kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó dìbò. Ní ti àwọn tó ti fẹ̀yìntì, kí ẹ̀yin oníròyìn kọ́kọ́ bi wọ́n ọdún tí wọ́n kúrò níbùdó àti ẹgbẹ́ òṣèlú tí wọ́n wà.

Òǹkàwé yín,
Ìbàdàn.