Kétu tó ṣí lọ sí Èkó

Ìdòwú, ọ̀rẹ́ mi,

O kú òtútù o. Wọ́n ní yìnyín ti ń bọ́ ní Montréal. Níhìn-ín, ọyẹ́ ló dé, ètè gbogbo wa ti là. Ìyá rẹ wà dáadáa, orúnkún nìkan ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Màá padà sórí ọ̀rọ̀ Ìyá.

O bi mí nínú lẹ́tà rẹ pé kí ló dé tí wọn ò pín tábílẹ́ẹ̀tì fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí ìyà iléèwé lè tán. Ó pa mí lẹ́rìn-ín. Gbọ́ ohun tójú mi rí lóṣù tó kọjá.

Mo ní kí àwọn ọmọ troisième mi, ìyẹn kíláàsì kẹrin ní girama, àwọn tó ń múra ìdánwò BEPC, lọ kọ ojú ewé kan lórí ìtàn Kétu wa yìí, ní orílẹ̀-èdè Benin. Wọ́n jẹ́ 52. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́, bí ìwọ náà ṣe mọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ tí mo gba ìwé wọn, mo gbé ẹ̀kọ àti àkàrà síwájú, mo ń máàkì. Ìwé kẹta ní Kétu lókìkí nítorí ọjà èso ńlá tó wà níbẹ̀. Mo ní ọjà èso wo? Mo ṣí ìkeje, ọjà èso. Ìkẹtàlá, ọjà èso, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀, àti ọ̀nà Ìkòròdú! Ìdòwú, Kétu ti Èkó ni! Ọmọ mẹ́sàn-án ló gbé mi lọ sí Èkó lálẹ́ ọjọ́ náà láìgba owó ọkọ̀. Ọ̀kan nínú wọn wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé bí wọ́n bá wúkọ́ nílé bàbá rẹ̀, ẹni tó dúró ní Àkàbà Ìdènà, ibodè àtijọ́ ìlú wa, á gbọ́.

Mi ò nà wọ́n. Wọ́n jẹ́wọ́ fúnra wọn: ẹnì kan ló bi ChatGPT lórí fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó fi èsì ránṣẹ́ sórí WhatsApp, àwọn yòókù sì dà á kọ. Ẹ̀rọ náà ò mọ̀ọ́mọ̀ purọ́. Ohun táwọn èèyàn ti kọ sílẹ̀ ni wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà. Èyí tí wọ́n kọ nípa Èkó pọ̀ bí yanrìn, èyí tí wọ́n kọ nípa tiwa ò kún ahá. Ta ni ká sì dá lẹ́bi? Èmi àti ìwọ tá a kàwé, kí la kọ sílẹ̀?

Síbẹ̀, mi ò sí lẹ́yìn àwọn tó ní ká gbá gbogbo rẹ̀ dànù. Fóònù ò gbọdọ̀ wọ kíláàsì wa, mo sì fara mọ́ ọn. Nígbà tí UNESCO gbé ìròyìn rẹ̀ jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 2023, iye orílẹ̀-èdè tó ti fòfin de fóònù níléèwé ò tíì pé ìdá kan nínú mẹ́rin. Àmọ́ tílẹ̀ bá ṣú ńkọ́? Olùkọ́ ìṣirò wa máa ń gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀, á ṣàlàyé iṣẹ́ ọjọ́ náà ní Nàgó, Yorùbá tiwa níhìn-ín, á fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp. Ìgbà kòrónà ló bẹ̀rẹ̀, lọ́dún 2020 tí iléèwé wà ní títì. Ọmọbìnrin kan wà tó ń bá ìyá rẹ̀ sẹ́ gààrí. Á gbé fóònù ìyá sórí àpótí, á máa sẹ́ gààrí, á máa gbọ́ ọ, ó lè tó ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Ní kíláàsì, kò jẹ́ la ẹnu pé kí wọ́n tún un sọ. Fóònù kì í kanra mọ́ ọn.

Ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní yunifásítì Abomey-Calavi tún yàtọ̀. O rántí polycopié, ìwé ẹ̀kọ́ olùkọ́ tí wọ́n tẹ̀, tá a máa ń tò láti rà? PDF ló kù báyìí. Ó ní ó ju 300 lọ nínú fóònù òun. Mo bi í mélòó ló ti kà. Ó ní ṣé mo ti jẹun.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo kó gbogbo àwọn ọmọ náà lọ sí Àkàbà Ìdènà. Ọmọ tí mo ní ilé bàbá rẹ̀ ò jìnnà yẹn dúró, ó ń wo ilẹ̀kùn ibodè náà bí àlejò. Mo wá pín wọn ní mẹ́ta-mẹ́ta, fóònù kan fún ọ̀wọ́ kan, pé kí wọ́n tọ àwọn àgbà lọ, kí wọ́n gba ohùn wọn sílẹ̀, kí wọ́n gbọ́ ọ, kí wọ́n tó kọ ọ́. Bí ọ̀rọ̀ àgbà méjì ò bá bára mu, kí wọ́n kọ méjèèjì.

Ọmọ ìtòsí ibodè tó kọ ọjà èso yìí ló kan Ìyá rẹ. Ìyá ní, "Inú kinní kékeré yìí ni kí n sọ̀rọ̀ sí? Ta ló wà níbẹ̀?" Nígbà tó wá bẹ̀rẹ̀, kò dúró mọ́. Ó ní ọmọdébìnrin ni ìyá ìyá òun nígbà tí ogun Glèlè, ọba Dahomey, fọ́ Kétu ní 1886. Wọ́n so ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ti àbúrò rẹ̀, wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí Abomey, olú ìlú Dahomey. Àbúrò náà ò dé ibẹ̀. Ẹ̀yìn tí àwọn Faransé ṣẹ́gun Béhanzin, ọmọ Glèlè tó jọba tẹ̀ lé e, ló tó padà wálé, igbó ló sì bá. Igi ọ̀pẹ kan ló fi dá àgbàlá bàbá rẹ̀ mọ̀.

Ṣé o ti gbọ́ èyí rí? Èmi ò gbọ́ ọ rí o, bẹ́ẹ̀ ọdún mẹ́fà ni mo fi jẹun nínú àwo Ìyá.

Ojú ewé mẹ́rin lọmọ náà kọ wá. Àṣìṣe Faransé inú rẹ̀ ò lóǹkà. Mo fún un ní 16 nínú 20, olùkọ́ Faransé sì ń bá mi jà títí dòní.

Mo ti fi ohùn náà ránṣẹ́ sórí WhatsApp rẹ, ìṣẹ́jú 23 ni. Má gbọ́ ọ nínú ọkọ̀. Tó o bá gbọ́ ọ tán, pe Ìyá, kó o bi í pé kí lorúkọ àbúrò yẹn. Ọmọ náà gbàgbé láti béèrè, ìgbà tí èmi náà sì bi Ìyá, ó ní òun máa sọ ọ́ fún ọ.

Èmi ni,
Àlàó
Kétu