Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Àwọn Alápatà Ìkòròdú Nípa Màlúù Tó Ní Kókó Lára

Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìkòròdú,

A kí yín kú iṣẹ́ ìlú, a sì kí gbogbo ìgbìmọ̀ yín.

Ọ̀rọ̀ ẹran tí wọ́n ń jó níná ló gbé wa wá. Lóṣù tó kọjá, ọ̀kan nínú wa ra màlúù láwìn. Nígbà tí a bó o tán ní odò ẹran, kókó líle wà níwájú èjìká rẹ̀, àwọn kéékèèké sì tò wálẹ̀ lábẹ́ awọ bí ìlẹ̀kẹ̀ lára okùn. Wolé-wolé ní ikọ́ ife ni, ni wọ́n bá da kẹrosínì sí gbogbo rẹ̀. Arábìnrin náà ṣì ń san gbèsè yẹn díẹ̀díẹ̀ títí di òní.

Ikọ́ ife wà lára màlúù lóòótọ́, ó ń ran ènìyàn, a ò sì fẹ́ kó dé ìkòkò ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n àrùn kan wà tó jọ ọ́ bí ìbejì, tí àwọn dókítà ẹranko ń pè ní farcy. Láti 1888 ni Nocard, dókítà ẹranko ọmọ Faransé, ti rí kòkòrò kan lára màlúù tó ní in ní erékùṣù Guadeloupe. Ó wà ní Sudan àti Chad, ó sì wà ní òkè ọya, níbi tí màlúù wa ti ń wá. Kì í dun màlúù, màlúù á sì máa jẹun. Ìdí nìyẹn tí a fi ń rà á láìfura. (Ti ẹṣin yàtọ̀: kòkòrò mìíràn ló ń fà á, ìyẹn sì lè pa ènìyàn.)

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún odò ẹran ní awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, àti dókítà ẹranko tó mọ̀ ọ́n lò. Bí wọ́n bá gé díẹ̀ nínú kókó wò, kòkòrò farcy a máa gùn, a máa yẹ̀ka, a sì máa lọ́ mọ́ra bí òwú. Ti ikọ́ ife kúrú. Èyí tí kò bá yé wọn, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí Fásitì Ìbàdàn, kí ẹran náà sì wà nínú yàrá tútù títí èsì á fi dé. A ó dá sí owó yàrá náà. Bí dókítà bá sì ní kí a jó o, a ó jó o láìjiyàn.

Ẹ tún bá wa rán àwọn dókítà ẹranko lọ sí kárà, níbi tí a ti ń ra màlúù, kí wọ́n máa fọwọ́ wá iwájú èjìká màlúù. Ibẹ̀ ni kókó sábà máa ń wà, ọwọ́ á sì kàn án kí owó tó kúrò lọ́wọ́ wa.

Àwa ni,
Alápatà odò ẹran Ìkòròdú