Àbẹ̀kẹ́, a ti ka ìwé náà tán, ó ku ojú ewé 16

Mókọlá, Ìbàdàn

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ọkọ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Iṣẹ́ alẹ́ tí o ń ṣe ní Houston yẹn, ṣé ó ti ń jẹ́ kí o rí oorun sùn? Ara wa le níbí, a dúpẹ́. Mo mọ̀ pé o máa ní kí ló dé tí n kò fi ohùn ránṣẹ́ sí ọ lórí WhatsApp. Ọ̀rọ̀ yìí gùn, o sì mọ̀ mí, tí mo bá ń sọ̀rọ̀ sínú fóònù mo máa ń gbàgbé ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Àbúrò Bàbá Káyọ̀dé ló ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín, òun ni mo ní kó mú lẹ́tà yìí dání.

Ìwé tí o fi ránṣẹ́ sí mi lóṣù Kejìlá, èyí tó dá lórí ọlọ́pàá méjì ní Chicago, a ti kà á. Èmi nìkan kọ́ ni mo kà á, ìdí nìyẹn tí mo fi ní "a". Tí wọ́n bá ti mú iná lọ, tí owó epo jẹnẹrétọ̀ kò sì sí, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wa á kàn dákẹ́ síbẹ̀ ni. Ìyá Ìbejì tó ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù kejì á gbé àga rẹ̀ wá. Ìyá Bárékè náà á dé, àwọn tí mo sọ fún ọ pé wọ́n fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá. Rónkẹ́, ọmọṣẹ́ wa, á jókòó sórí rímù bébà, ohun tí mo ti kìlọ̀ fún un nígbà àìmọye. Èmi á wá máa ka gẹ̀ẹ́sì sínú, màá sì máa sọ ọ́ síta ní Yorùbá.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú ìwé yẹn tó ń jáde ní gbogbo ojú ewé: pátínà, ìyẹn ọlọ́pàá tí wọ́n fi sínú ọkọ̀ kan náà pẹ̀lú rẹ láti jọ máa ṣiṣẹ́. Kí ni kí n pè é? Mo kọ́kọ́ ní alábàáṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó wà ní àgọ́ ọlọ́pàá ọ̀hún ni alábàáṣiṣẹ́ ara wọn. Mo ní ẹlẹgbẹ́, Ìyá Bárékè ní rárá, pé ẹlẹgbẹ́ ni ẹni tí ẹ jọ wọṣẹ́ lọ́dún kan náà. Ni mo bá ní ẹnìkejì. "Ẹnìkejì rẹ̀ wọ inú ọkọ̀, ó gbé kọfí fún un." Ìyá Ìbejì fò dìde. "Háà! Wọ́n ti ṣègbéyàwó?" Àbẹ̀kẹ́, a ò tíì dé ojú ewé kẹwàá! Òǹkọ̀wé ń fi ìfẹ́ àwọn méjèèjì pamọ́ díẹ̀díẹ̀, ó ń fi ojú pe ojú, ó ń fi ìka kan ìka, èmi ti fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tú gbogbo rẹ̀ síta. Láti ọjọ́ yẹn, Ìyá Ìbejì kò gbà mọ́ pé iṣẹ́ nìkan ló pa wọ́n pọ̀.

Orúkọ ọkùnrin yẹn kò rọ̀ wọ́n lẹ́nu, torí náà wọ́n sọ ọ́ ní Oníjákẹ́ẹ̀tì, nítorí jákẹ́ẹ̀tì aláwọ tí kì í bọ́ lọ́rùn. Obìnrin náà di Ọ̀gá. Tí mo bá dé ibi tí wọ́n ti ń bọ́ jákẹ́ẹ̀tì ọ̀hún, "wọ́n wọlé, wọ́n tilẹ̀kùn" ni mo máa ń ní, màá sì ṣí ojú ewé mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Rónkẹ́ tó gbọ́ gẹ̀ẹ́sì dáadáa á máa rẹ́rìn-ín sínú. Lọ́jọ́ kan Ìyá Bárékè bi mí pé, "Gbogbo ìgbà tí ìlẹ̀kùn yìí fi wà ní títì, ta ló ń ṣọ́ ọ̀daràn tí ìjọba ní kí wọ́n máa ṣọ́?" N kò rí èsì fọ̀.

Ibi tí a ti jà jù ni ọ̀rọ̀ ìwé tí Oníjákẹ́ẹ̀tì kọ fún àwọn ọ̀gá wọn. Ìwọ náà á rántí ibẹ̀. Lóru tí Ọ̀gá yìnbọn lu ọmọkùnrin yẹn lẹ́sẹ̀, Oníjákẹ́ẹ̀tì kò sí níbẹ̀, ó ti sáré lọ wo ìyá rẹ̀ ní ọsibítù. Ṣùgbọ́n ó jókòó, ó kọ ọ́ pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni òun wà, òun fi ojú ara òun rí i tí ọmọkùnrin náà fa ìbọn yọ. Ó fọwọ́ sí i. Ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́.

Ìyá Ìbejì ní ìfẹ́ nìyẹn, kí ló tún kù? Ó ní tí ọkọ òun bá lè ṣe irú rẹ̀ fún òun lẹ́ẹ̀kan, òun á kúnlẹ̀ sìn ín títí ọjọ́ alẹ́. Ìyá Bárékè mi orí. Wọ́n ní ẹ̀rí èké ni, pé lọ́yà tó bá gbọ́n á kàn béèrè ìwé tí ọsibítù fi ń kọ orúkọ àlejò, ẹjọ́ ti dojú rú nìyẹn. Ọmọkùnrin tó fa ìbọn yọ lóòótọ́ á lọ sílé, Ọ̀gá tí kò jẹ̀bi ni yóò wá dúró níwájú adájọ́.

Ìyá Bárékè tún bínú sí nǹkan mìíràn. Inú ìwé náà, ẹ̀rù ń ba àwọn méjèèjì pé tí ọ̀gá àgbà bá mọ̀ pé wọ́n ń fẹ́ra, yóò pín wọn níyà, oníkálukú á gba ẹnìkejì tuntun. Ìyá Bárékè ní, "Ìyẹn nìkan? Pé wọ́n á pín wọn sí ọkọ̀ méjì?" Wọ́n wá sọ tiwọn. Ìlànà iṣẹ́ ọlọ́pàá ilẹ̀ wa tí wọ́n ṣe ní 1968 ní kí ọlọ́pàá obìnrin tó bá fẹ́ lọ́kọ kọ ìwé sí Kọmíṣọ́nnà. Yóò kọ orúkọ ọkùnrin náà, àdírẹ́sì rẹ̀ àti iṣẹ́ tó ń ṣe. Ó gbọ́dọ̀ ti lo ó kéré tán ọdún mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n á sì wò ó bóyá ọmọlúàbí ni ọkọ àfẹ́sọ́nà. Ọlọ́pàá ọkùnrin kì í kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀. "Wọ́n wádìí ọkọ mi bí ẹni ń wádìí olè," Ìyá Bárékè wí, "òun sì rèé, tíṣà ni." Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Èkó sọ ní 2012 pé ìlànà yẹn tako ìwé òfin. Ìyá Bárékè ti ń gbé ọmọ-ọmọ pọ̀n nígbà yẹn. Ìlànà mìíràn tó ní kí wọ́n lé ọlọ́pàá obìnrin tí kò lọ́kọ tó bá lóyún ṣì wà nílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ìwọ náà á ti gbọ́ ti ọ̀kan tí wọ́n lé ní Èkìtì ní January 2021. Rónkẹ́ lanu sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó ka ìwé mọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Ní tèmi o. Nígbà tí Ọ̀gá rí ìwé tí Oníjákẹ́ẹ̀tì kọ, tí ó bínú títí tó fi ju kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lù ú, gbogbo wọn ní aláìmoore ni. Èmi nìkan ni mo wà lẹ́yìn rẹ̀. O mọ̀ pé ó ti di ọdún 26 tí èmi àti Bàbá Káyọ̀dé ti jọ wà nídìí ẹ̀rọ yìí. Ìró ẹsẹ̀ wọn nìkan ni mo fi ń mọ̀ bóyá oníbàárà san owó tàbí kò san. Lọ́dún kan, a tẹ kàlẹ́ńdà 500 fún ìjọ kan, èmi ni mo yẹ̀ ẹ́ wò kó tó wọ ẹ̀rọ, mo sì jẹ́ kí Àjíǹde bọ́ sí ọ̀sẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀. Nígbà tí àwọn ará ìjọ dé pẹ̀lú ìbínú, kí n tó la ẹnu, Bàbá Káyọ̀dé ti ní, "Èmi ni mo ṣe é. Ojú mi ló ń dùn mí." Wọ́n bẹ̀ wọ́n, wọ́n tún un tẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Àbẹ̀kẹ́, ọjọ́ méjì gbáko ni n kò fi bá wọn sọ̀rọ̀. Wọn kò mọ ohun tó ń bí mi nínú, èmi náà kò rí ọ̀nà sọ ọ́. Àṣìṣe mi ni, ẹnu mi ló yẹ kó ti jáde. Wọ́n dúró síwájú mi títí ẹnikẹ́ni kò fi rí mi mọ́. Ibi tí Ọ̀gá ti ní "O kò bi mí léèrè" ni mo ti pa ìwé dé, tí mo lọ pọn omi mu.

Nítorí ìyẹn ni òpin ìwé náà ṣe dùn mí. Obìnrin tó ń yìnbọn ju gbogbo wọn lọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ tún wá so ó mọ́ àga nínú ilé ìkẹ́rù, kí Oníjákẹ́ẹ̀tì lè fọ́ ilẹ̀kùn wọlé? Ìyá Ìbejì sunkún níbẹ̀, mo sì jẹ́ kó sunkún rẹ̀. Ṣùgbọ́n o rántí Àjà Ló Lẹrù ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí tí a máa ń já gbà lọ́wọ́ ara wa nílé ìwé? Lápàdé, akọni inú rẹ̀, ti fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, kò sí ọ̀gá kankan tó ń dúró dè é, síbẹ̀ ọgbọ́n orí rẹ̀ ló fi ń bọ́ nínú pàkúté. Mo fẹ́ kí Ọ̀gá fi tirẹ̀ bọ́.

Ó wá ku ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́. Ojú ewé 208 ni Ọ̀gá ti ní kí Oníjákẹ́ẹ̀tì lọ gba ìwé èké yẹn padà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òun á béèrè fún ẹnìkejì mìíràn. Mo ṣí i, mo bọ́ sí 225! Wọ́n ti wà nínú ọkọ̀, wọ́n ń mu kọfí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ìyá Ìbejì yíjú sí Rónkẹ́ lójú ẹsẹ̀, ó ní ọmọ náà ló ya á torí pé ibi tí wọ́n ti tilẹ̀kùn ló wà níbẹ̀. Ọmọ náà fẹ́ sunkún. Èmi ni mo gbà á sílẹ̀. Àwa tí à ń tẹ̀wé mọ̀ ọ́n: bébà ńlá kan la máa ń ká, tí yóò di ojú ewé 16, ìdì kọ̀ọ̀kan la sì ń tò léra kí a tó lẹ̀ ẹ́. Ìdì 13 parí sí 208 géérégé, ìdì 15 bẹ̀rẹ̀ ní 225. Ìdì 14 ni ẹni tó ń tò ó lọ́hùn-ún gbàgbé. Ọwọ́ Rónkẹ́ mọ́.

Láti ìgbà náà, ìjà kò tán. Ìyá Ìbejì ní Oníjákẹ́ẹ̀tì kò gba ìwé kankan padà, ìfẹ́ ló borí. Ìyá Bárékè ní ó gbà á padà, ojú ọlọ́pàá ni àwọn sì fi rí i: láti ojú ewé 231 lọ, ọ̀gá àgbà kò kí Oníjákẹ́ẹ̀tì mọ́. Jọ̀ọ́, lọ sí láíbúrárì tó wà ládùúgbò yín, wá ìwé náà, kí o ka 209 sí 224. Kọ ọ́ fún mi, má fi ohùn sọ ọ́, torí mo fẹ́ kà á sí wọn létí. Èyí tí wọ́n bá ti tilẹ̀kùn, fò ó. Rónkẹ́ ní kí o má fò ó.

Kí ọkọ rẹ fún mi.

Ọ̀rẹ́ rẹ,
Àjọkẹ́