Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Lórí Ọkọ̀ Akẹ́rù Tí Wọ́n Ń Gé Létí Odò Ògùn

Láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ àwa jórinjórin, gbẹ́nàgbẹ́nà, ọlọ́dà àti atukọ̀ etí odò, ìhà Àrò, Abẹ́òkúta.

Sí Alága ìjọba ìbílẹ̀ wa àti gbogbo ìgbìmọ̀ wọn.

Alága wa ọ̀wọ́n,

A kí yín kú iṣẹ́ ìlú, ẹ kú àmójútó wa. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò sí ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ kankan ní gbogbo ilẹ̀ Ẹ̀gbá tó ti ìjọba yín lẹ́yìn bíi tiwa. Géètì tí ẹ ń gbà wọ ọ́fíìsì láràárọ̀, ọwọ́ wa ló jó o. Nígbà tí ìjì ṣí páànù ilé ẹ̀kọ́ àdúgbò wa, àwa la gun òkè lọ kàn án padà, a ò gba kọ́bọ̀. Ọmọ kì í bẹ̀rù láti wọlé baba rẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi kọ̀wé yìí.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù onírin tí a sọ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lórí omi ní àdúgbò wa ló gbé wa wá. Ní ọjọ́ Ajé tó kọjá, àwọn kan lẹ ìwé mọ́ ọn lára ní orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ pé pàǹtí ni, pé ó ń dí ojú omi, kí a gbé e kúrò láàárín ọjọ́ méje. A ò janpata. A ń kó rìsíìtì jọ láti wá ṣàlàyé ara wa ni. Ọjọ́ méje ni ìwé náà sọ. Ní ìdájí Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrin, wọ́n ti dé pẹ̀lú típà àti àgbá gáàsì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé e.

Bàbá kan wà nínú wa tó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Òun ló jó iwájú ọkọ̀ náà pọ̀, ó tún un jó lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ó tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Bàbá yìí dúró lórí iyanrìn, ó ń wo iná gáàsì. Ojú ibi tó jó kò já, Alága wa. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n gé. Kó tó di aago mẹ́jọ, wọ́n ti kó páànù iwájú, ìdákọ̀ró, irin àtẹ̀gùn àti ìwọ̀n tí àwọn ìyá wa fi ń wọn ẹ̀kùrọ́ láyé àtijọ́ sínú típà. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ra àlòkù irin ni wọ́n kó wọn lọ, kílò ni wọ́n sì fi tà wọ́n. Ìwọ̀n ẹ̀kùrọ́! Obìnrin kan ní Ìtòkú ló fi ta wá lọ́rẹ, ìyá tó bí ìyá rẹ̀ ló ni ín.

Bóyá wọn ò sọ ìtàn ọkọ̀ yìí fún yín. Èkó la ti rà á nígbà tó ti ṣíwọ́ iṣẹ́, lẹ́yìn tó ti ru sìmẹ́ǹtì àti pákó lórí ọ̀sà fún ọ̀pọ̀ ọdún. A gé e sí mẹ́ta kí tírélà lè rù ú, a sì tún un jó pọ̀ létí odò níbí. Ọdún mẹ́rin gbáko la fi ṣe é, ní gbogbo Ọjọ́ Àbámẹ́ta, owó àpò ara wa la fi ra gáàsì àti ọ̀dà. Inú ikùn rẹ̀ la kó àjẹ̀, àwọ̀n, okùn àti àgbá epo pupa sí, ó di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lórí omi. Ibẹ̀ ni àwọn olùkọ́ ń kó ọmọ wá láti fi hàn wọ́n pé kí ojú irin Èkó sí Ìbàdàn tó di ṣíṣí ní 1901, odò Ògùn yìí ni ọkọ̀ ń gbà ru ẹrù láti Èkó wá sí Àrò. Kí ló tún kù létí odò tí ọmọ lè fọwọ́ kàn tí yóò fi gbà pé òótọ́ ni?

Atukọ̀ àgbà kan nínú wa, tó ti bá ọkọ̀ òkun dé Hamburg ní Jámánì, ló fi èrò náà sí wa lọ́kàn. Ọkọ̀ akẹ́rù kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Cap San Diego. Ìlú Hamburg náà ni wọ́n ti kàn án ní 1961, ó gùn tó mítà 159, Gúúsù Amẹ́ríkà ló sì ń ná. Nígbà tó gbó, ó ku díẹ̀ kí wọ́n fọ́ ọ tà fún irin ni ìjọba ìlú Hamburg yọ owó, wọ́n rà á ní 1986. Àwọn atukọ̀ àti onímọ̀ ẹ̀rọ tó ti fẹ̀yìn tì fi ọwọ́ ara wọn tún un ṣe láìgba owó. Lónìí, èèyàn ń sanwó wọ inú rẹ̀ wo ẹ́ńjìnnì, àlejò ń sùn nínú yàrá rẹ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ṣì ń gbé e rìn. Ní San Francisco l'Amẹ́ríkà, ọkọ̀ akẹ́rù Jeremiah O'Brien tí wọ́n kàn ní 1943 ṣì wà. Ní 1994 ó la òkun já dé Normandy nílẹ̀ Faransé, pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀. Tiwa kéré sí wọn púpọ̀, a mọ̀. Ṣùgbọ́n ìjọba ìlú Hamburg ló gba ọkọ̀ wọn lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ fọ́ ọ. Ó dùn wá dé egungun pé orúkọ ìjọba tiwa ni wọ́n fi gé tiwa.

Ní ti pé ó ń dí ojú omi, ọmọ ẹgbẹ́ wa ni àwọn ọlọ́kọ̀ tó ń gba ibẹ̀ kọjá, kò sí ẹni tó ráhùn nínú wọn. Ẹ̀bá odò ló wà, ṣéènì méjì ló dì í mú. Bí wọ́n bá ṣí omi ìdídò Ọyán tí odò kún, àwa la máa ń sùn síbẹ̀ láti dẹ ṣéènì rẹ̀.



Ẹ̀bẹ̀ wa ni pé kí ẹ dá àwọn tó ń gé e dúró lónìí. Ihò tí wọ́n dá sí i lára kò ga ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ sí ojú omi, òjò sì ti ń ṣú. Korobá la fi ń gbọ́n omi inú rẹ̀ láràárọ̀. Ẹ fún wa láyè kí a jó ihò náà dí. Ẹ bá wa gba ìdákọ̀ró àti ìwọ̀n náà padà kí wọ́n tó yọ́ wọn. Ẹ fún wa ní ìwé tí ẹnikẹ́ni kò fi ní padà wá gé e, kí ẹ̀yin fúnra yín sì wá wo inú rẹ̀. A ó gbé àga kalẹ̀ dè yín.

Àwọn ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ ní kí a ti gbogbo ṣọ́ọ̀bù láti Àrò dé Láfẹ́ńwá, kí a kó òòlù wa dání wá sí ọ́fíìsì yín. Àwa àgbà la bẹ̀ wọ́n. A sọ fún wọn pé Alága wa kò mọ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí a fi dá wọn dúró nìyẹn, a ò ní òmíràn. A ò sì tíì mú ẹjọ́ yìí lọ sí ààfin Aké, torí ọ̀dọ̀ yín ló yẹ kí a kọ́kọ́ wá. Ìpàdé wa ń bọ̀ ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. A ó fẹ́ ní èsì yín lọ́wọ́ kí a tó jókòó.

Àwa ọmọ yín tòótọ́,

Alága, Akọ̀wé àti Akápò, ní orúkọ gbogbo ẹgbẹ́.