Accolade kì í ṣe olè

Sí Olóòtú,

Mo ka àròkọ tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá lórí àwọn tó ń jí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà oníṣẹ́ gbé. Ọ̀pọ̀ ohun tó wà níbẹ̀ ni mo fara mọ́, àyàfi ibi tí òǹkọ̀wé náà ti ka Accolade, ilé iṣẹ́ géèmù kékeré kan ní Kalifóníà, mọ́ àwọn olè.

Ohun tó dá ìjà sílẹ̀ láàárín Accolade àti Sega, ilé iṣẹ́ Japan tó ṣe ẹ̀rọ géèmù Genesis, ni pé Sega fẹ́ kí ẹni tó bá gba ìwé àṣẹ láti ṣe géèmù fún ẹ̀rọ Genesis gbà pé Sega nìkan ni yóò máa ṣe kátíríìjì géèmù náà (ike kékeré tí géèmù wà nínú rẹ̀) jáde. Accolade kọ̀. Wọ́n ra ẹ̀rọ Genesis kan àti kátíríìjì mẹ́ta, wọ́n so wáyà mọ́ inú ẹ̀rọ náà, wọ́n tẹ àwọn àṣẹ kọ̀ǹpútà inú kátíríìjì sórí bébà, wọ́n sì jókòó tì í títí wọ́n fi mọ bí ẹ̀rọ àti géèmù ṣe ń gbọ́ra wọn yé, kí wọ́n tó lọ kọ géèmù tiwọn. Èmi tí mo fi àtúnṣe ẹ̀rọ géèmù jẹun mọ̀ pé títú nǹkan wò yàtọ̀ sí jíjí i.

Nígbà tó yá, Sega ṣe Genesis tuntun tó máa ń wá lẹ́tà mẹ́rin, S-E-G-A, nínú géèmù: bí kò bá rí i, géèmù ò ní ṣiṣẹ́, bó bá rí i, yóò kọ ọ́ sójú tẹlifíṣàn pé Sega ló ṣe géèmù náà tàbí ló fún un láṣẹ. Accolade fi lẹ́tà wọ̀nyí sínú géèmù wọn, pẹ̀lú àṣẹ kọ̀ǹpútà tí kò ju báìtì 25 lọ nínú géèmù tí kò dín ní 500,000 báìtì, ni Sega, tó ti pè wọ́n lẹ́jọ́, bá ní wọ́n ń fi orúkọ òun tan oníbàárà jẹ. Ẹ̀rọ Sega ló ń kọ irọ́ náà, Sega náà ló tún ń ké pé wọ́n purọ́ mọ́ òun!

Lóòótọ́, adájọ́ kan gbè sẹ́yìn Sega ní oṣù kẹrin ọdún 1992, ó sì ní kí Accolade dẹ́kun títa géèmù náà kí ẹjọ́ tó parí. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà, Adájọ́ Stephen Reinhardt kọ ìdájọ́ ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn pé bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn láti mọ bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣiṣẹ́, òfin ò lòdì sí irú àdàkọ tí Accolade ṣe nígbà tí wọ́n tẹ àṣẹ inú kátíríìjì sórí bébà, àti pé Sega gan-an ló fa ìdàrúdàpọ̀ tó wà nínú orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 1993, àwọn méjèèjì parí ìjà, Accolade sì gba ìwé àṣẹ.

Bí òǹkọ̀wé yín bá ń wá àpẹẹrẹ, Atari Games, ilé iṣẹ́ géèmù mìíràn, ni ì bá mú, tó fi irọ́ gba àdàkọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà Nintendo ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ẹ̀tọ́ àdàkọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa ṣe àtúnṣe náà.

Òǹkàwé yín, láti Ìbàdàn