Àbẹ̀kẹ́, bá mi gbọ́ ọ̀rọ̀ ilé pákó

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

O kú ọjọ́ mẹ́ta o. Àárò rẹ ń sọ mí. Kẹ́hìndé ti wọ yunifásítì, orúnkún mi ti ń gbádùn, òtútù Aberdeen ò tíì pa wá. Ọ̀rọ̀ Bàbá Kẹ́hìndé ló kù.

A rí ilé tuntun kan tí apá wa ká. Àfi bí ọkọ mi ṣe fi ìka lu ògiri pálọ̀, kó, kó, kó, lójú ọmọbìnrin tó ń mú wa yí ilé ká, ló bá figbe ta: “Pákó rèé! Mo kúrò ní Nàìjíríà, ṣé Makòko ni mo tún ń lọ ni?” Ojú tì mí, àmọ́ mo rẹ́rìn-ín títí.

Kò kúkú parọ́. Bíríkì tí à ń rí láti ìta yẹn, aṣọ lásán ni. Pákó inú ló gbé òrùlé àti pẹ̀tẹ́ẹ̀sì dúró; wọ́n á fi àlàfo bíi 50 mm sáàárín méjèèjì kí omi òjò má baà kan igi. Ní Scotland níbí, nínú ilé tuntun mẹ́wàá, ó lé ní mẹ́jọ tó rí bẹ́ẹ̀. England ló ṣì rọ̀ mọ́ bulọ́ọ̀kù. Òtútù wà lára ohun tó fà á: sìmẹ́ǹtì kì í dì dáadáa bí omi bá ń di yìnyín. Ògiri pákó ní tiẹ̀, ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti ń kàn án, tírélà á gbé e dé, kí o tó mọ̀, òrùlé ti wà lórí ẹ̀.

Mo ní kò sí ikán níbí. Ó ní iná ńkọ́? Ibẹ̀ ni mo ti panu mọ́ díẹ̀, torí bí òṣìṣẹ́ ò bá dí àlàfo yẹn níbi tó yẹ, iná lè gba inú ẹ̀ sáré láìsí ẹni tó máa rí i. Mo ní ká wá ẹni tó mọṣẹ́ kó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní òun ò ra pákó, ó parí.

Àbẹ̀kẹ́, bóyá pákó kọ́ ló ń bà á lẹ́rù. Lóru ijọ́sí mo gbọ́ ọ lórí fóònù, ó ń dúnàádúrà tírípù iyanrìn. “Bulọ́ọ̀kù oní 9 ínṣì ni kó o lò, má lo oní 6 o.” Kí lẹni tí kò kọ́lé fẹ́ fi iyanrìn ṣe? Owó tí a jọ ń tù jọ ni mo ń rò.

Jọ̀wọ́, tó o bá ń lọ sí Mọ́níyà, bá mi yà wo ilẹ̀ wa. Tó bá jẹ́ koríko lo bá níbẹ̀, kò sọ́rọ̀. Tó o bá rí fandéṣọ̀n, ya fọ́tò ẹ̀, kó o sì bá mi wo bí bulọ́ọ̀kù tó wà nílẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Èmi nìkan ni kó o fi ránṣẹ́ sí o. Má fi sórí WhatsApp ẹgbẹ́ wa, òun náà wà níbẹ̀.

Èmi ni tìrẹ,
Àjọkẹ́