Ẹ Má Gba Fóònù Kékeré Lọ́wọ́ Yèyé

Manchester, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì,
Ọjọ́ 9, oṣù Kọkànlá, ọdún 2025.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Ìyá Ìbejì,

Mo kí yín tọkàntọkàn. Ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú Yèyé, ẹ sì kú làálàá ọjà. Ara èmi àti ìyàwó mi le, ọmọ wa sì ti ń rá káàkiri ilé. Òtútù ti bẹ̀rẹ̀ níhìn-ín, ṣùgbọ́n ó ti mọ́ wa lára.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ gba ohùn yín sílẹ̀ sọ fún mi lórí WhatsApp ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá ti dé etí mi, mo sì gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ ní ẹbí ti fẹnu kò pé kí a gba fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì yẹn lọ́wọ́ Yèyé, kí gbogbo wa sì dá owó jọ láti ra fóònù ńlá tuntun fún wọn kí ọdún Kérésìmesì tó dé, nítorí pé bátìrì èyí tí mo fi ránṣẹ́ lọ́dún tó kọjá ti ń yára kú. Mo lè fi ohùn dá yín lóhùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu a máa sáré kọjá, mo sì fẹ́ kí ẹ ka èyí fún Yèyé ní ìjókòó kan, kí ẹ tún un kà bí wọ́n bá ní kí ẹ tún un kà. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú ìwé àti bírò.

Owó tèmi wà nílẹ̀, n kò sì ní fà sẹ́yìn. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹ má gba fóònù kékeré náà lọ́wọ́ wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé òkèèrè ti sọ mí di ẹni tí ń pàṣẹ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni ó bí ọ̀rọ̀ yín, mo sì mọ̀ pé kò dùn mọ́ Bọ̀dá nínú bí àwọn ìyá ọjà ṣe ń wo fóònù tí a fi rọ́bà dè lọ́wọ́ ìyá tí ọmọ rẹ̀ wà nílùú òyìnbó. Ṣùgbọ́n ohun tí ó bá máa wà lọ́wọ́ àgbàlagbà ní ọ̀sán àti ní òru, ìwúlò rẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ wò.

Ẹ mọ bí òru ọjọ́ yẹn nínú oṣù Kẹta ṣe rí lọ́dọ̀ yín nígbà tí ẹ dé láti Òṣogbo. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe rí lọ́dọ̀ mi, nítorí n kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Aago mẹ́jọ alẹ́ ti ilé ni mo kọ́kọ́ pe Yèyé, gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi. Ohùn obìnrin inú ẹ̀rọ ni ó dá mi lóhùn pé nọ́ńbà náà kò sí ní àrọ́wọ́tó. Mo pè ní aago mẹ́sàn-án, mo pè ní aago mẹ́wàá, n kò sì lè sùn mọ́, mo pè títí ilẹ̀ fi mọ́, ìgbà mẹ́rìnlá lápapọ̀. Ìṣọ́ òru ni ẹ̀yin wà, n kò dá yín lẹ́bi. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kò ju pé iná ti lọ láti ọjọ́ méjì, fóònù ńlá tí mo fi owó mi rà ti kú, a sì ti ju fóònù kékeré sínú àpótí pé a ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Yèyé dìde lóru láti lọ tọ̀, wọ́n na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí níbi tí tọ́ọ̀ṣì fóònù wọn máa ń wà, wọn kò bá a, wọ́n sì fẹsẹ̀ kọ dìdì aṣọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ilẹ̀ ni wọ́n wà títí aládùúgbò fi gbọ́ ohùn wọn ní ìdájí. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé egungun kankan kò ṣẹ́. Ṣùgbọ́n ó dùn mí wọra, nítorí pé èmi ni mo fi fóònù ńlá ránṣẹ́, èmi náà ni mo sì ní kí Kẹ́hìndé yọ síìmù kúrò nínú ti àtijọ́.

Nígbà tí mo sáré wá sílé nínú oṣù Kẹrin, mo jókòó ti Yèyé ní ìsọ̀ wọn ní ọjà Atákúnmọ́sà ní Iléṣà, mo sì fi ojú ara mi rí ohun tí n kò lè rí láti Manchester. Oníbàárà kan pè. Àmì aláwọ̀ ewé yọ ní ìsàlẹ̀ ojú fóònù ńlá náà. Yèyé fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, kò gbé e. Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́, lọ́tẹ̀ yìí pẹ̀lú agbára, títí èékánná wọn fi funfun. Wọ́n nu ìka nára ìró, wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ìpè náà sì já. Wọ́n wò mí bí ẹni tí ó ṣẹ̀, wọ́n ní, “Ó jọ pé mo ti bà á jẹ́.” Kò sí ohun tí wọ́n bà jẹ́. Bọ́tìnì fẹ́ agbára: bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́, ó wọlé, ìka ẹni a sì mọ̀ pé ó wọlé. Ojú fóònù ìgbàlódé kò mọ agbára. Iná mànàmáná tín-ín-tín kan wà lára dígí rẹ̀ tí ó máa ń yí padà bí awọ ara bá kàn án, bí awọ bá sì gbẹ tí ó yi, kì í tètè mọ̀ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan òun. Yàtọ̀ sí èyí, àmì aláwọ̀ ewé ti fóònù Yèyé, a kì í tẹ̀ ẹ́ rárá, fífà ni a ń fà á. Àtàǹpàkò tí ó ti na aṣọ títà fún ogójì ọdún, tí ó ti di ọmọrí odó mú láti kékeré, awọ rẹ̀ kò lè rí bí ti Táyé àti Kẹ́hìndé. Iṣẹ́ títún fóònù ṣe ni mo fi ń jẹun níhìn-ín, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, kì í sì í pẹ́ kí àgbàlagbà òyìnbó kan tó gbé fóònù tí kò ṣe nǹkan kan wá bá mi pé ó ti bàjẹ́, tí ó sì jẹ́ pé ìka rẹ̀ ni fóònù náà kò gbọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo ṣí àpótí, tí mo dá síìmù padà sínú Nokia, fóònù kékeré náà. Ẹ rántí ibi tí fóònù yẹn ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí GSM dé Nàìjíríà ní 2001, 50 náírà ni wọ́n ń gé fún ìṣẹ́jú kan, bí èèyàn bá sì sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá péré, odidi ìṣẹ́jú ni yóò san. Ìgbà tí Glo dé ní 2003 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó ní ìṣẹ́jú-àáyá. Abẹ́ agboorùn àwọn tí ń ta ìpè ni Yèyé ti ń bá àwọn aláṣọ Gbági ní Ìbàdàn sọ̀rọ̀ títí di 2005 tí wọ́n fi ra Nokia 1100 tiwọn. Irú fóònù yẹn, tí ilé-iṣẹ́ Nokia gbé jáde ní 2003, lé ní 250 mílíọ̀nù ni wọ́n tà kárí ayé. Nígbà tí Nokia sì ta fóònù tí ó pé bílíọ̀nù kan ní 2005, Nokia 1100 ni, Nàìjíríà ni wọ́n sì ti rà á. N kò sọ pé ti Yèyé ni o, ṣùgbọ́n ọdún kan náà ni, inú mi sì máa ń dùn bí mo bá rántí rẹ̀. A ti pààrọ̀ bátìrì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, a ti pààrọ̀ ìbòrí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò sì sí ohun mìíràn tí ó bèèrè lọ́wọ́ wa láti ogún ọdún.

Àwọn tí wọ́n ṣe é mọ irú ibi tí ó ń lọ. Rọ́bà kan ṣoṣo ni wọ́n fi bo àwọn bọ́tìnì rẹ̀ kí eruku má baà wọlé, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kì í yọ̀ bí ọwọ́ bá làágùn, tọ́ọ̀ṣì sì wà ní orí rẹ̀. Bátìrì rẹ̀ kò ju 850 mAh lọ (ìwọ̀n iná tí bátìrì lè gbà nìyẹn), bẹ́ẹ̀ ti fóònù ńlá tí mo fi ránṣẹ́ jẹ́ 5,000. Síbẹ̀ ọ̀kan ń lo ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún lọ́wọ́ Yèyé, èkejì kò lè sùn kí ó jí láì jẹ iná. Ohun tí ó fà á kò ṣòro. Fóònù kékeré kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí ó máa dá òpó nẹ́tíwọ̀kì lóhùn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan pé òun wà níhìn-ín, kí ó sì dákẹ́ títí a ó fi pè é. Ojú fóònù ńlá fẹ̀, ó sì ń tàn. Áàpù tí ẹnikẹ́ni kò ṣí ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, ó ń fa àwòrán, ó ń fa fídíò, ó ń wá íntánẹ́ẹ̀tì kódà níbi tí kò sí. Ní ìlú tí iná bá ń wà nígbà gbogbo, èyí kò jẹ́ nǹkan kan. Ní Òkèṣà, ládùúgbò Yèyé, òru bíi tọjọ́ yẹn ni ó lè fà.

Ẹ̀yin náà mọ ìtàn bàbá wa àgbà. Òṣómàáló ni wọ́n. Wọ́n á gbé aṣọ láwìn fún ará ìlú òkèèrè, bí ọjọ́ owó bá sì pé, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ títí wọn yóò fi gba owó wọn. Orúnkún Yèyé kò gba òṣòó mọ́. Fóònù kékeré yẹn ni wọ́n fi ń sin gbèsè. Bí wọ́n bá di bọ́tìnì 2 mú, oníbàárà Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà ni yóò gbé e; 3 ni ti Ìbòkun; 4 ni ẹ̀yin; 5 ni èmi. Wọn kì í wò ó kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Àtẹ̀jíṣẹ́ báńkì sì ń wọlé sí i láìsí dátà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 tí owó nínà di ọ̀wọ́n gógó, tí oníbàárà ń sọ pé àwọn ti fi owó ránṣẹ́ láti orí fóònù, àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn ni Yèyé ń dúró dè kí wọ́n tó ka aṣọ sílẹ̀. Ó máa ń pẹ́ nígbà mìíràn, n kò ní sọ pé kì í pẹ́, ṣùgbọ́n ó wọlé sọ́wọ́ wọn, wọn kò sì ní láti bẹ ọmọ ọlọ́mọ kan kí ó bá wọn ṣí i.

N kò ní purọ́ mọ́ fóònù ńlá. Nínú oṣù Kejì tí a sọ ọmọ wa lórúkọ, a fi oyin kan ọmọ lẹ́nu nínú yàrá kékeré wa níhìn-ín, Yèyé sì ń wúre láti Òkèṣà, a ń rí ojú wọn, wọ́n ń rí tiwa. Wọ́n ní kí n gbé ọmọ náà sún mọ́ ojú fóònù. Mo gbé e. Wọ́n ní kí n yí orí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Wọ́n wo etí rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, wọ́n ní etí bàbá wa ni, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Nokia kò lè ṣe èyí fún wa láéláé, n kò sì ní gbà kí ẹnikẹ́ni gba irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ Yèyé.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí fóònù ńlá máa wà ní pálọ̀ lọ́dọ̀ yín, kí àwọn ìbejì máa tọ́jú rẹ̀, kí wọ́n sì máa gbé e tọ Yèyé lọ ní ọjọ́ Sátidé tí a bá fẹ́ rí ojú ara wa. Kò sí ìdí láti ra tuntun. Bátìrì ni ó rẹ̀ ẹ́, nítorí pé a máa ń fi í sílẹ̀ lẹ́nu iná láti alẹ́ di ọ̀sán nínú ooru. Ẹ gbé e fún ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ní ìlú kí ó pààrọ̀ rẹ̀, n ó san owó náà. Owó tí ẹbí bá dá, ẹ fi ra páńẹ́ẹ̀lì sólà kékeré àti iná fún ọ̀dẹ̀dẹ̀ Yèyé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kìlọ̀ fún àwọn ìbejì kí wọ́n má fi báńkì Yèyé sórí fóònù ńlá, nítorí pé líǹkì àwọn gbájú-ẹ̀ ń wọlé síbẹ̀ lójoojúmọ́.

Ẹ bèèrè bí àwọn ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì kò bá ní pa 2G, nẹ́tíwọ̀kì àtijọ́ tí irú fóònù bẹ́ẹ̀ ń lò. Ìbéèrè gidi ni. Níhìn-ín, wọ́n ti ń pa 3G tí ó tẹ̀lé e, àwọn ilé-iṣẹ́ náà sì ti sọ pé 2G kò ní kọjá ọdún 2033. Ti ilé, bí ọjọ́ rẹ̀ bá dé, fóònù oníbọ́tìnì tí ó ń lo 4G, nẹ́tíwọ̀kì tí ó tuntun jù wọ́n lọ, ti wà lórí àtẹ, irú rẹ̀ ni a ó sì rà, kí Yèyé lè máa bá bọ́tìnì wọn lọ.

Mo ti fi bátìrì Nokia tuntun méjì sínú ẹrù ará ilé wa kan tí ó ń bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. BL-5C ni àkọlé tí ó wà lára wọn. Ẹ kọ́kọ́ gba agbára sí i dáadáa, kí ẹ tó dá rọ́bà padà sí i. Lẹ́yìn náà, kí ẹ jẹ́ kí Yèyé di bọ́tìnì 5 mú, kí ó dún lẹ́ẹ̀kan péré, kí wọ́n sì gé e. N ó mọ̀ pé àwọn ni, n ó sì pè padà lójú ẹsẹ̀.

Èmi ni àbúrò yín tí ó ń retí yín.